Oògùn Yẹ́lò Inú Àpótí Onílé Méje

Fún bí ọdún méjì, èmi ni mo ń kó oògùn àbúrò mi. Ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, tí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí mo ti tú gèlè, tí mo ti bu omi tútù sójú, màá gbé àpótí oníke kékeré kan sórí tábìlì. Onílé méje ni àpótí náà, ilé kan fún ọjọ́ kan. Màá máa ju oògùn sínú ilé kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ta ayò, àbúrò mi á jókòó síwájú mi, á máa bá mi sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù tí kò yé mi. Kì í wo ọwọ́ mi. Mo fẹ́ kọ ohun tí mo fi ọwọ́ náà ṣe sílẹ̀ níbí, nítorí ó ti ń jẹ mí lọ́kàn ju bí mo ṣe lè máa gbé e kiri lọ.

N kì í ṣe ènìyàn jẹ́jẹ́, kí ẹ ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní àdúgbò wa ní Mowe, wọ́n mọ̀ pé ẹnu mi mú bí abẹ, wọ́n sì mọ̀ pé n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni borí mi nínú ọ̀rọ̀. Àbúrò mi nìkan ni kì í bá mi jiyàn. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà tí ìyá wa kú, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Ní ilé bàbá wa ní Ìfọ̀, níbi tí ojú irin rélùwéè kò ti jìnnà sí fèrèsé, ẹ̀yìn mi ni ó ń sùn sí. Nígbà tí mo lọ́kọ, mo mú un dání mọ́ ẹrù mi, ọkọ mi tó ti dolóògbé báyìí sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ó dàgbà, ó hu irùngbọ̀n, síbẹ̀ bí mo bá ní kó lọ wẹ̀, á lọ wẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ Àǹtí ni. Á rẹ́rìn-ín, á ní kí wọ́n lọ wá tiwọn.

Fóònù ni ó ń tún ṣe. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ibafo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí èrò ti ń dúró de ọkọ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀, ṣọ́ọ̀bù tí kò fẹ̀ ju ilé adìẹ lọ. Síkúrù inú fóònù kò tóbi ju ọmọ iyanrìn lọ, ṣùgbọ́n ó lè mú un sáàárín ìka méjì, kó sì sọ irú fóònù tó ti jáde fún ọ láìwò ó. Ojú àti ìka, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju méjèèjì yẹn lọ.

Nígbà tí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ pọ́n, Àpólò ni a pè é. Ta ni kò mọ Àpólò? Tó bá dé, á máa gba ilé dé ilé, ojú á pọ́n, á máa ṣe ìpín, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ á lọ. Mo lọ ra oògùn kíkán ní kẹ́míìsì, mo sì kìlọ̀ fún un pé kó má fọwọ́ kan táwẹ́ẹ̀lì mi. Ṣùgbọ́n Àpólò yìí kò ṣe ìpín, kò sì lọ. Ìmọ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gún un lójú, débi pé ó ń ta aṣọ mọ́ fèrèsé lọ́sàn-án. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó ní, “Àǹtí mi, ó ń ṣe mí bíi pé aláǹtakùn ń ta òwú nínú ojú mi.” Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù tó bà mí.

A lọ sí ilé ìwòsàn ojú kan ní Èkó. Dókítà tó gbà wá jẹ́ ọmọbìnrin kan tí mo lè bí, ó ń pè mí ní Mọ́mì. Ó fi iná wo ojú àbúrò mi títí, ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ya fọ́tò àyà rẹ̀, ó ní kí a padà wá. Nígbà tí a padà lọ, ó gbé àga rẹ̀ sún mọ́ wa.

“Mọ́mì, ṣé ẹ ní ọlọ́dẹ ní àdúgbò yín?”

Mo ní a ní, mẹ́ta.

“Ó dáa. Ọlọ́run náà fi ọlọ́dẹ sínú ara gbogbo wa. Tí àrùn bá wọlé, àwọn ni wọ́n máa ń lù ú. Àmọ́ ti àbúrò yín, wọ́n ti ṣì í mú. Ọmọ onílé ni wọ́n ń nà. Inú ẹyinjú ẹ̀ ni wọ́n ń nà, ìyẹn ló ń jẹ́ kó wú nínú. Tá a bá fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n á ba ojú yẹn jẹ́ pátápátá. Oògùn tí màá fún un, á ní kí àwọn ọlọ́dẹ yẹn rọra jókòó.”

“Kí ọlọ́dẹ jókòó kẹ̀?”

“Díẹ̀ ni mà. Wọn ò ní sùn tán. Ìdí nìyẹn tá a fi máa ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò déédéé. Tí ibà tàbí ikọ́ bá ti ṣe é, ẹ má rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ẹ mú un wá.”

Oríṣi oògùn méjì ni. Funfun ni àkọ́kọ́. Dókítà ní yóò tètè pa iná tó ń jó nínú ojú, ṣùgbọ́n pé kì í ṣe oògùn tí ènìyàn ń bá gbé pẹ́, nítorí aburú tó ń ṣe fún ara kò kéré. Èkejì jẹ́ yẹ́lò, méjì lójúmọ́. Ìyẹn ni olórí oògùn tó ń dá ọlọ́dẹ jókòó. Ó ní ó máa ń pẹ́ lára kó tó ṣiṣẹ́, pé tó bá ti múlẹ̀ ni a ó máa dín funfun kù díẹ̀díẹ̀, tí yẹ́lò nìkan yóò fi máa ṣọ́ ojú náà. “Ẹ má dá yẹ́lò dúró láìsọ fún wa o, Mọ́mì.” Mo ní mo gbọ́. Mo gbọ́ lóòótọ́, n kò lè sọ lónìí pé n kò gbọ́.

Oògùn funfun yẹn mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ àbúrò mi kún láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ojú rẹ̀ wá rí roboto, ọrùn rẹ̀ ki. Àwọn ará Mowe bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi kú oríire. “Ó mà ń dán o! Ibafo ń gbè é!” Èmi náà á ní ẹ ṣeun, Ọlọ́run ló ṣe é. Ẹni tí kò lè sùn lóru, tí ebi ń pa bí olóyún, ni wọ́n rò pé ayé ń yẹ.

Ní àkókò yìí, èmi náà ní òwò tèmi. Tíì ni mo ń tà, tíì ewé gbígbẹ tí wọ́n di sínú páálí aláràbarà, tí a sọ pé ó ń fún ara ní agbára. Ìyá kan ní òpópónà wa ni ó mú mi wọ̀ ọ́. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé a máa ń pàdé nínú gbọ̀ngàn kan ní Ibafo, a ó kọrin, a ó pàtẹ́wọ́, ẹni tí tíì ti ṣe lóore á bọ́ síwájú láti jẹ́rìí. Ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n fi kọ́ wa ju gbogbo ọ̀rọ̀ lọ: imúnítì, ìyẹn agbára tí ara fi ń lé àrùn. Wọ́n ní ẹni tí imúnítì rẹ̀ bá le, àìsàn kì í mọ ọ̀nà ilé rẹ̀. Mo há gbogbo rẹ̀ sórí, mo sì ń kà á fún àwọn oníbàárà mi bí ẹni ka Orin Dáfídì.

Ẹ wá wo wàhálà mi. Láti ọjọ́ Ajé dé Sátidé, mo ń ta ohun tí yóò jẹ́ kí ọlọ́dẹ ara le kankan. Tó bá di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, mo ń kó ohun tí yóò ní kí ọlọ́dẹ jókòó sínú àpótí fún ọmọ tí mo pọ̀n dàgbà. Ta ni ó ń ní kí ọlọ́dẹ jókòó ní Mowe, níbi tí wọ́n ti ń jí jẹnẹrétọ̀ gbé lójú ọ̀sán gangan? Ọ̀rọ̀ dókítà yé mi. Ara mi ni kò gbà á. Mo wá ń fún un ní tíì láàárọ̀ àti lálẹ́ pẹ̀lú oògùn rẹ̀, ó sì ń mu ún láìjanpata, ó kàn máa ń yọ ṣùtì sí i bí ọmọdé.

Nígbà tí oṣù kẹrin fi máa parí, ojú rẹ̀ mọ́. Òwú aláǹtakùn lọ. Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í mú síkúrù. Dókítà yọ̀, ó ní yẹ́lò ti múlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dín funfun kù. Èmi náà yọ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọkàn mi, tíì ni mo ń kí kú iṣẹ́.

Ní Sátidé kan, mo dìde nínú gbọ̀ngàn yẹn. N kò múra sílẹ̀. Mo gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, mo ní, “Ní orúkọ Jésù, àbúrò mi tí kò ríran mọ́, tíì yìí ti là á lójú!” Gbọ̀ngàn hó yèè. Àtẹ́wọ́ náà wọ̀ mí lára, mo tún gbé ohùn sókè: “Kò lo oògùn òyìnbó mọ́ rárá!” Gbólóhùn kejì yìí kò sí nínú ohun tí mo fẹ́ sọ, àtẹ́wọ́ ló fà á jáde lẹ́nu mi. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Kí n tó jókòó, ìyá tó mú mi wọ iṣẹ́ ti dì mọ́ mi. Ó ní, “Mú un wá lóṣù tó ń bọ̀, kí gbogbo ayé fi ojú ara wọn rí i.”

Ẹni tí kò bá gbé láàárín wa lè má mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi ká mi lára. Ní irú ṣọ́ọ̀ṣì tiwa, ènìyàn lè jẹ́rìí ohun tí kò tíì rí. Obìnrin tó ń wá ọmọ lè jó wá síwájú pẹ̀lú aṣọ ọmọ lọ́wọ́, kí oyún tó dé rárá. Ẹni tó ń gbé ilé àyágbé lè dúpẹ́ ilé tó kọ́. Ìgbàgbọ́ ni a ń pè é, n kò sì ń fi ṣe ẹlẹ́yà, torí mo ti rí èyí tó ṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí a bá ti jẹ́, a kì í gbà á padà. Ẹni tó bá gbà á padà ti sọ Ọlọ́run di onírọ́. Fún ọjọ́ mẹ́ta mo ń rìn kiri inú ilé, mo ń dá sọ̀rọ̀. Mo ti parọ́ nínú orúkọ Jésù, ọ̀nà méjì ló wà: kí n lọ sọ pé irọ́ ni, tàbí kí n jẹ́ kó di òótọ́. Ẹ̀yin náà ti mọ irú ènìyàn tí mo jẹ́, ẹ mọ èyí tí mo mú.

Ó wúkọ́ ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ọjọ́ méjì péré. Mo dì mọ́ ikọ́ náà. Mo ń sọ fún ara mi pé oògùn yìí ti ń sọ ọ́ di aláìlágbára. Dókítà ti ní tí ikọ́ bá ti ṣe é kí a mú un wá, n kò mú un lọ. Ikọ́ lọ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti rí àwáwí tí mo ń wá.

Kò sí obìnrin tó ti bímọ rí lórílẹ̀-èdè yìí tí kò mọ fólíkì, oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fún aláboyún. Yẹ́lò ni òun náà. Mo ra fólíkì ní kẹ́míìsì. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, mo yọ oògùn àbúrò mi kúrò nínú ike rẹ̀, mo kó fólíkì sí ipò rẹ̀, méjì méjì, láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Àìkú. Ó jókòó síwájú mi, ó ń ṣàlàyé bí rẹfirí ṣe fi ojúsàájú gba góòlù kan wọlé. Mo ń dá a lóhùn, mo sì ń ju oògùn lọ. Ìyẹn ni ó ń dẹ́rù bà mí jù tí mo bá rántí.

Ní ọjọ́ kejì, ó mú oògùn láàárọ̀, ó dá ọwọ́ dúró, ó fi ìka méjì yí ẹyọ kan.

“Àǹtí mi, oògùn yìí ti kéré sí i o.”

“Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ló yí i.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Nàìjíríà! Wọ́n dín búrẹ́dì kù, wọ́n dín mílíkì kù, ó wá kan oògùn.” Ó jù ú sẹ́nu, ó fi omi lé e, ó lọ síbi iṣẹ́.

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo kó oògùn gidi sínú náílọ̀n, mo dì í sínú gèlè àtijọ́ kan, mo tì í sí ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ mi. N kò dà á nù. Ká ní ohun tí mo ń ṣe dá mi lójú ni, ǹ bá dà á nù.

Nígbà tí Sátidé ìpàdé ńlá pé, ó bá mi lọ sí gbọ̀ngàn, nítorí mo ní kó bá mi lọ. Wọ́n fà á síwájú, wọ́n fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí i lọ́wọ́. Ó wo gbogbo wọn, ó gé ètè jẹ. “Ẹ kú ìjókòó o. Èmi ò mọ̀rọ̀ọ́ sọ. Àǹtí mi ló ń tọ́jú mi. Tí kì í bá ṣe ọwọ́ wọn ni, mi ò mọ ibi tí ǹ bá wà lónìí.” Kò mẹ́nu ba tíì. Wọ́n pàtẹ́wọ́ bákan náà, ìyá yẹn sì sunkún ayọ̀. Èmi jókòó, mo ń wo ọwọ́ mi lórí itan mi.

Dókítà, tí kò mọ̀ pé yẹ́lò kò sí nínú ara rẹ̀ mọ́, ń dín funfun kù lọ bó ṣe yẹ. Nígbà tí funfun fi kéré tán, kò sí ohun tó ń ṣọ́ ojú náà àfi fólíkì àti tíì. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, fóònù mi dún.

“Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá mú mi ní ṣọ́ọ̀bù. Mi ò rí ọ̀nà.”

N kò mọ bí mo ṣe dé Ibafo. Mo rántí pé mo gun ọ̀kadà, pé sálúbàtà mi kan bọ́ sọ́nà tí n kò dúró mú un. Nígbà tí mo wọlé, ó wà lórí eékún rẹ̀ nílẹ̀. Fóònù oníbàárà kan wà ní ṣíṣí lórí tábìlì, ó ti da síkúrù inú rẹ̀ sílẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ wá wọn nínú erùpẹ̀. “Ẹ rọra tẹ̀, Àǹtí mi, ẹ má tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀.” Ojú rẹ̀ méjèèjì pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, omi ń jáde níbẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo bá a ṣà wọ́n. Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ́.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà gbé iná kúrò lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ṣé o dá yẹ́lò dúró ni?”

“Rárá mà.”

“Ojoojúmọ́ lo ń lò ó?”

“Àǹtí mi ló ń kó o fún mi mà.” Ó kọjú sí ibi tí mo jókòó sí, bí ẹni tó pe ẹlẹ́rìí rẹ̀.

“Mọ́mì?”

Ẹnu mi tó mú bí abẹ! Ẹnu tó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn láìṣe pé wọ́n pè é! Mo ní, “Ó ń lò ó.”

Dókítà mi orí. Ó ní tó bá jẹ́ pé ó ń lò ó déédéé, kò yẹ kó padà kíákíá báyìí, kò sì yẹ kó le tó bẹ́ẹ̀. Ó ń wo èmi, ó ń wo ìwé. Nígbà náà ni àbúrò mi tẹ orí ba. “Bóyá mo gbàgbé mà. Ìgbà míì tí mo bá ti tètè jáde nílé, mo lè gbàgbé.”

Kò gbàgbé rí. Gbogbo ọjọ́ Àìkú tí mo bá ṣí àpótí yẹn, ilé méjèèje máa ń ṣófo fẹ́fẹ́. Mo mọ̀, mo sì jókòó síbẹ̀, mo ń gbọ́ bí ọmọbìnrin yẹn ṣe ń bá a wí pé ojú ara rẹ̀ ló fi ń ṣeré, tí ó sì ń dáhùn pé, “Ẹ má bínú mà. Ẹ má bínú mà.”

Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n fi omi oògùn sí i lára, wọ́n gbé funfun padà sókè. A sùn níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ojú òsì padà wá. Dókítà ní ẹ̀yìn ojú ọ̀tún ti bàjẹ́ kọjá ohun tí ọwọ́ lè tún ṣe. Mo gbọ́ ọ bí ìgbà tí wọ́n ń ka ìdájọ́ fún ẹlòmíràn.

Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ tí a délé, mo kó oògùn gidi tí a gbà bọ̀ láti ilé ìwòsàn sínú àpótí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó fi ìka yí i.

“Àǹtí mi, wọ́n ti dá a padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Ẹ ò rí i? Ọlọ́run ò tíì gbàgbé Nàìjíríà.” Ó gbé e mì.

Mo fi tíì sílẹ̀. Mo kó páálí tó kù fún ìyá yẹn, mo ní ara mi kò yá, òun náà sì ní màá rántí òun. Àbúrò mi ti ṣọ́ọ̀bù Ibafo pa, nítorí ojú kan kì í mọ bí síkúrù ṣe jìn sí ìka tó. Ó padà sí ilé bàbá wa ní Ìfọ̀, ó ń ta ṣájà àti gíláàsì fóònù níwájú ilé. Tí ìsìn bá ti parí lọ́jọ́ Àìkú, n kì í yà sílé mọ́, Ìfọ̀ ni mo ń wọkọ̀ lọ láti kó oògùn rẹ̀. Àwọn ará Mowe ní ọ̀rọ̀ ọmọ ìyá mi wọ̀ mí lára.

Oògùn yẹ́lò ti wá múlẹ̀ padà. Ojú òsì mọ́ kedere. Oògùn tí mo ní ó ń sọ ọ́ di aláìlágbára, òun náà ni ó di ojú kan ṣoṣo tó kù mú títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ohun tó wá fọ́ mi ni ọjọ́ kílíníkì kan báyìí. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ti mọ àbúrò mi dáadáa, ó ní kó jọ̀ọ́, kó bá àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sórí oògùn yẹ́lò sọ̀rọ̀, torí ẹ̀rù oògùn náà ń bà wọ́n. Wọ́n tó mẹ́sàn-án lórí bẹ́ǹṣì, èmi náà jókòó ní ìkángun. Ó dìde, ó fi ọwọ́ bo ojú òsì. “Ẹ wò mí. Tí mo bá ṣe báyìí, mi ò rí yín. Tí mo bá gbé ọwọ́ kúrò, mo rí yín, títí kan bọ́tìnnì aṣọ yín. Oògùn yìí ló di èyí tó kù mú. Èyí tó lọ, èmi ni mo fọwọ́ ara mi fà á. Mo ń gbàgbé láti lò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bíi tèmi.” Ọkùnrin kan ní kí Ọlọ́run foríjì í. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yí sí mi, ó ní, “Ẹ kú ìtọ́jú rẹ̀ o, mà. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀gbọ́n ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.”

Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Irọ́ tí mo pa nínú gbọ̀ngàn ni ọmọ yìí ń san gbèsè rẹ̀ ní kílíníkì, ní ojú àwọn ènìyàn.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, mo mú náílọ̀n oògùn tí mo dì sínú gèlè lọ sí Ìfọ̀. Ó ti gbé àpótí onílé méje sórí tábìlì dè mí, ó ti ń bá mi sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù láti ẹnu ọ̀nà. N kò jókòó. Mo kúnlẹ̀ sí iwájú rẹ̀.

Ó fò dìde. “Àǹtí mi! Kí lẹ̀ ń ṣe? Ẹ dìde! Ṣé ẹ fẹ́ kí ayé mi kúrú ni?” Ó ti fi ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ apá mi, ó ń gbé mi sókè.

Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, níbi tó gbé mi sókè dé ìdajì. Mo sọ ti ẹ̀rí, mo sọ ti fólíkì, mo sọ pé kò gbàgbé rí. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Lẹ́yìn náà ó rọra yọ ọ́ kúrò lábẹ́ apá mi, eékún mi sì padà kan ilẹ̀. Kò tì mí, kò gbé mi.

“Ibo ni oògùn gidi yẹn wà?”

Mo na náílọ̀n náà sí i. Ó dà á sórí tábìlì, ó jókòó, ó sì ń fi ìka méjì kà wọ́n, ó ń yí ẹyọ kọ̀ọ̀kan kó tó tì í sí ẹ̀gbẹ́. Ó pẹ́. Nígbà tó kà wọ́n tán, ohùn rẹ̀ kò ga.

“Mo ti sọ fún wọn níbẹ̀ pé èmi ni.”

“Mo gbọ́ ọ.”

“Ẹ jókòó síbẹ̀.”

“Mo jókòó síbẹ̀.”

Ó ní, “Ọjọ́ kílíníkì tó ń bọ̀, ẹ ó bá mi lọ. Ẹ̀yin lẹ ó sọ fún dókítà.” Mo ní màá sọ. Ó ní kí n dìde kúrò nílẹ̀, kí n jókòó sórí àga, Àǹtí ni ó ṣì pè mí. Lẹ́yìn náà ó fa àpótí náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó ṣí ilé méjèèje, ó gbé ike oògùn tuntun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó o fúnra rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Nígbà tó dé ilé Ọjọ́rú, ẹyọ kan ló jù sí i, ó ti fẹ́ kọjá lọ sí Ọjọ́bọ̀.

Mo ní, “Ọjọ́rú kù kan.”

Ó dúró. Kò fi kún un. Ó kọ́kọ́ ti ìka rẹ̀ bọ inú ilé Ọjọ́rú, ó sì wá a wò yíká kó tó gbà mí gbọ́.